Ìpá mi, ìwé dókítà, àti gúrúùpù ilé-iṣẹ́

"Bàbá Sítọ́ọ̀, ṣé ká gbé e sórí ìwọ̀n ni?"

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń já ẹrù fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìwọ̀n tó ń wí ni ìwọ̀n onírin ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ wa, èyí tí a fi ń wọn àpò oúnjẹ adìyẹ kí oníbàárà tó gbé e lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ka àpò, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹni ọdún 47 ni mí, ọmọ tó sọ̀rọ̀ yẹn kò sì dàgbà ju ọmọ mi kejì lọ.

Fún ẹni tí kò bá tíì yé, ìpá ni mo ní. Mo ti sọ ọ́ báyìí, n kò sì ní fi bò mọ́, torí mi ò rò pé ẹnì kan ṣẹ́kù ní Adó-Èkìtì níbí, láti Ajílosùn títí dé òpin ọ̀nà Ìkẹ̀rẹ́ tí kò tíì gbọ́. Èyí tó ń dùn mí ni pé kò sí ìkankan nínú wọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi gbé e kiri. Bí kókó kékeré ló ṣe bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Bí mo bá wúkọ́ tàbí tí mo gbé nǹkan, á yọ. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Nígbà tó yá, kò wọlé bọ̀rọ̀ mọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo pààrọ̀ ṣòkòtò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bùbá gígùn lọ síbi iṣẹ́, mo ní ooru ló ń mú mi. Dókítà ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé oríṣi méjì ni nǹkan tí gbogbo wa ń pè ní ìpá yìí. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé omi ló kún ibẹ̀. Èkejì ni tèmi, tí ìfun gba ibi tí iṣan ikùn ti rẹ̀ jáde. Ìpá ìfun yìí ni kí èèyàn má fi ṣeré rárá, torí bí ìfun bá há síbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, kíkú ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹni náà á máa bì, inú á máa ro ó, iṣẹ́ abẹ ojú ẹsẹ̀ nìkan ló sì lè gbà á. Bí ti ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí bá ti le gbandi, tó ń dùn yín, tí kò sì wọlé padà, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi á dúró dè yín.

Wọ́n ṣe tèmi láṣeyọrí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Dókítà ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ 6, kí n má fọwọ́ kan ohun tó wúwo. Ó wá kọ ìwé tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀skúùsì díútì fún mi. Mo ṣì ń rí ìwé náà lójú mi. Orúkọ ilé ìwòsàn wà lókè. Yíǹkì òǹtẹ̀ ti tàn sórí ibi tí dókítà fọwọ́ sí. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ orí mi, nọ́ńbà káàdì mi, lẹ́yìn náà, ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: RIGHT INGUINOSCROTAL HERNIA, ìyẹn ìpá apá ọ̀tún tó ti sọ̀ kalẹ̀. Iye ọ̀sẹ̀ tí mo máa fi sinmi wà lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tíńtìntín.

Ìyàwó mi ló bá mi gbé e lọ. Sẹ́kítírì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní Ọlọ́run á wo Bàbá sàn. Ó ya fọ́tò rẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí mánẹ́jà tó wà ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ìka rẹ̀ ló ṣì í tẹ̀, àbí ó rò pé oore ló ń ṣe mí, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè bá mi dáwó. Gúrúùpù WhatsApp ilé-iṣẹ́ ni fọ́tò náà bọ́ sí. Àwa òṣìṣẹ́, àwọn awakọ̀, àti àwọn oníbàárà mélòó kan tó máa ń rajà lọ́pọ̀ ló wà nínú gúrúùpù yẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí wàhálà. Àdúrà ni gbogbo wọn ń gbà, wọ́n ń fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé náà le ju ẹnu púpọ̀ nínú wa lọ, wọ́n ṣáà mọ̀ pé Bàbá Sítọ́ọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Àfìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú Google. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú àwòrán tí Google máa ń gbé síta téèyàn bá béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó mú èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ó gbé e sínú gúrúùpù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ará, ẹ gbàdúrà kíkankíkan."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ìyàwó mi pè láti Ìkẹ̀rẹ́. "Ọkọ mi, ẹ kú ara ò le o. A ò kúkú mọ̀ pé irú ẹ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu. Agbo kan wà níbí..." Ẹnì kan tó ń sin adìyẹ ní Ìkẹ̀rẹ́, tó máa ń wá rajà lọ́dọ̀ wa, ló lọ bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n kú ìnáwó. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Adó lọ sí Ìkẹ̀rẹ́ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń dá èèyàn dúró. Ìpá tèmi kò bá gósílóò pàdé.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ló wá burú níbẹ̀, ṣé olè ni mo jà ni? Ká ní ibà ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ǹ bá má janpata. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ipò tí ìpá wà nílẹ̀ wa. Òun ni àwọn aláwàdà fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òun làwọn ọmọdé fi ń ṣe orin. Wọ́n á ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi náà ti da ikùn mi délẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n wá yí mi padà lójú ọjà.

Síbẹ̀, ká sọ òótọ́, ìtìjú kọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ lóyà. Ìtìjú nìkan, ǹ bá gbé e mì. Owó ni. Nígbà tí oṣù parí, owó tó wọ àpò mi ní báńkì jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ kan péré, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tí mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó lọ. Mo pe mánẹ́jà. Ó ní, "Bàbá, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kì í gbowó, ẹ̀yin náà mọ̀. A bá yín kẹ́dùn."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka ìwé òfin, ó sì ń bá àwọn lóyà kan ṣiṣẹ́ níhìn-ín ní Adó. Ó wá kí mi nílé ní Òkè-Ìlá, ó bá mi níbi tí mo ti fi ìrọ̀rí há ìbàdí. Mo rò pé á kọ́kọ́ bínú nítorí fọ́tò. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, "Dádì, ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ dà?"

Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ìyẹn Labour Act, sọ ní abala 16 pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró fúngbà díẹ̀, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i, ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 láàárín ọdún kan. Ọjọ́ iṣẹ́ ló wí o. Ọjọ́ Mọ́ńdè sí Sátidé là ń ṣiṣẹ́ níbi tiwa, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn.

Mo ní mánẹ́jà ti sọ nígbà kan pé èmi kì í ṣe lébìrà, pé ọ́fíìsà ni mí. Lóòótọ́ ni. Ní ọdún kẹrin tí mo débẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún owó mi. Wọn ò fi kún un, oyè ni wọ́n fún mi, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé láti òní lọ, Stock Officer ni mí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ra mínírà fáwọn ọmọ.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń há àwọn èèyàn sí, torí òfin yẹn kò bo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn bíi dókítà àti ẹnjiníà. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn àwọn yẹn ni wọ́n máa dì mú. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà bò.

"Ṣé ẹ máa ń gbé àpò, Dádì?"

"Lójoojúmọ́."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde?"

"Ta ni ì bá tún kọ ọ́?"

"Ṣé ẹ lè gba èèyàn síṣẹ́, àbí kẹ́ ẹ lé e?"

Mo wò ó. N kò lè pàṣẹ pé kí ajá tó ń ṣọ́ ọgbà wa dìde.

"Ẹnu lásán ni wọ́n fi yín jẹ ọ́fíìsà nígbà náà. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ni kóòtù máa wò, kì í ṣe oyè."

Ó tún fi ọjọ́ mìíràn lé e. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láì dáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé pérépéré. N kò tíì gba tèmi lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 12 àti 6 jẹ́ 18, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù nínú èyí tí dókítà kọ, òfin yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni san án fún mi, àfi tí ìwé àdéhùn mi bá sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní ìlànà tiwọn fàyè gba ọjọ́ 42 nínú oṣù 12 fún ẹni tí kò sùn sílé ìwòsàn, kí wọ́n tó gbé e síwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà. Mo jowú díẹ̀.

Ìgbà tí a ti parí ọ̀rọ̀ owó ló tó ní kí n fi fọ́tò gúrúùpù han òun. Ó wò ó títí. N kò fẹ́ kó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wá béèrè ohun tí n kò rò sí: "Ta ló ní kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn sínú ẹ̀?"

Ibi tí ojú mi ti là nìyí. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo rò pé orúkọ àìsàn ni ìwé dókítà. Mo rò pé láìsí i, wọ́n á ní irọ́ ni mo ń pa. Ó ní kí n ronú sí i dáadáa: kí ni mánẹ́jà máa fi orúkọ àìsàn mi ṣe? Ohun tó nílò láti fi ṣètò iṣẹ́ ni ọjọ́ tí mo máa lọ, ọjọ́ tí mo máa dé, àti ohun tí n kò ní lè ṣe nígbà tí mo bá dé. Bí dókítà bá kọ ìwọ̀nyẹn, tó fọwọ́ sí i, tó lu òǹtẹ̀, ìwé ti pé.

Ó ní Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ ní abala 26 pé àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera ẹni tó wá gba ìtọ́jú, àti irú ìtọ́jú tí wọ́n fún un, títí kan sísùn tó sùn síbẹ̀ pàápàá. Ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi tí ẹni náà bá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n sọ ọ́, tàbí tí kóòtù tàbí òfin bá pàṣẹ. Òfin náà yọ ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ́tọ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń béèrè fún un, àti ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó kù ni tí fífi pamọ́ rẹ̀ bá lè ṣe ará ìlú ní jàǹbá ńlá. Ibà Lásà, fún àpẹẹrẹ, tí àwọn aládùúgbò wa ní Ọ̀wọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ìpá kì í ràn.

Àṣé mánẹ́jà ti bá òfin yẹn pàdé láì mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ráhùn fún mi lórí fóònù pé òun pe ilé ìwòsàn láti mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ 6 náà jẹ́ òótọ́, àti pé obìnrin tó wà níbi káàdì dá òun lóhùn pé kí òun mú ìwé tí aláìsàn fọwọ́ sí wá. "Ó gbéraga, Bàbá," ni mánẹ́jà wí. Mo kúkú bá a dáhùn pé àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí ṣáà! Ọlọ́run jọ̀ọ́, forí jì mí. Obìnrin yẹn nìkan ló dáàbò bo ohun tó jẹ́ tèmi lọ́sẹ̀ náà.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé, àbí èmi kọ́ ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́? Ṣé mo wá lè bínú mọ́? Ó ní ìbéèrè tó dáa ni, pé ohun tí lóyà ilé-iṣẹ́ máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin míràn wà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023. Òfin náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ara ohun tó gba ìṣọ́ra jù nípa èèyàn. Ó sì sọ pé ohun tí wọ́n bá torí rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ èèyàn ni kí wọ́n fi ṣe, kí wọ́n má fi ṣe ohun tí kò bá a tan. Mo fún sẹ́kítírì ní ìwé kó lè kọ ọjọ́ ìsinmi mi sílẹ̀. N kò fún un kó fi ṣe ìkéde. Bí mo bá yá ọ ní ọkọ́ kí o fi ro oko, tí o wá fi wa kòtò sẹ́nu ọ̀nà mi, ṣé o lè sọ pé èmi ni mo yá ọ?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó dà mí láàmú ju ìyókù lọ. Mo bi í pé, ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé àpò kílò 25 yìí, ṣé òun kọ́ ló fún mi ní ìpá? Ó ní ó lè jẹ́, pé Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́, ìyẹn Employees' Compensation Act, wà láti ọdún 2010. Ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó owó yẹn, kí ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣèṣe gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ wo lèmi máa kà, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni mo fi wọ bùbá gígùn? Ẹni tó bá fẹ́ gba irú owó yẹn gbọ́dọ̀ ṣí aṣọ, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kí dókítà kọ ọ́ síta. Ibẹ̀ ni àṣírí àti owó ti ń bára wọn jà. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kókó yẹn kọ́kọ́ yọ, bóyá owó ì bá wà. Mo dákẹ́ nítorí yẹ̀yẹ́, mo pàdánù owó, yẹ̀yẹ́ náà sì tún dé.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo padà sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n lè wo ojú abẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún ìwé kọ. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní, "Ẹ ò sọ fún wa ni, sà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń dá ìwé padà tí a kò bá kọ orúkọ àìsàn, àwọn aláìsàn á wá máa wá bínú sí wa. Ìyẹn ló jẹ́ ká máa kọ gbogbo rẹ̀." Ìlà mẹ́ta ni ìwé tuntun náà: pé òun tọ́jú mi, pé n kò lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, pé tí mo bá padà, n kò gbọdọ̀ gbé ẹrù títí di ọjọ́ báyìí. Lóòótọ́ ẹni tó bá gbọ́n lè méfò láti ibi "kò gbọdọ̀ gbé ẹrù". Ṣùgbọ́n ìyẹn ni wọn ò lè ṣe kí wọ́n má mọ̀, torí àwọn ni wọ́n máa yan iṣẹ́ fún mi.

Lẹ́tà tí a kọ sí ilé-iṣẹ́ kò ju ojú ewé kan lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ ojú ewé mẹ́rin, mo ní kó gé e, pé mo ṣì fẹ́ jẹun níbẹ̀. Ohun tí a béèrè ni owó ọjọ́ 12, ìsinmi ọdún mi, iṣẹ́ fúfúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tó kù, kí wọ́n pa fọ́tò náà rẹ́, kí wọ́n sì sọ ibi tí ìwé mi máa wà àti ẹni tó lè kà á. Ní ìsàlẹ̀ ló fi gbólóhùn kan sí: pé ẹni tó bá tẹ Òfin Dátà yẹn lójú lè san owó ìtanràn tó tó ₦2,000,000, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù, kódà bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá tóbi. Mo gbà pé gbólóhùn yẹn ni wọ́n kà.

Ọ̀gá pátápátá ló pè mí fúnra rẹ̀. A jókòó ní ọ́fíìsì, èmi, òun, mánẹ́jà, àti sẹ́kítírì tí ojú rẹ̀ ti wú. Mánẹ́jà ní, "Bàbá, ṣé kóòtù lẹ fẹ́ gbé wa lọ ni?" Mo ní Àkúrẹ́ tí National Industrial Court, ìyẹn kóòtù ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní ẹ̀ka sí kò kúkú jìnnà, ṣùgbọ́n jíjókòó nínú ọkọ̀ ṣì ń ni mí lára. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ara wá rọ gbogbo wa díẹ̀. Ó ní kí wọ́n san owó náà. Wọ́n san án lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n pa fọ́tò rẹ́ nínú gúrúùpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó kéré tán fóònù márùn-ún ló ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ àwọn oníbàárà kúrò nínú gúrúùpù náà, wọ́n ṣí tiwọn lọ́tọ̀.

Sẹ́kítírì wá bẹ̀ mí lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ò mọ̀, pé gbogbo ìgbà làwọn máa ń gbé ìwé àwọn èèyàn síbẹ̀ kí mánẹ́jà lè tètè rí i. Mo gbé e dìde, bí mo ti ń gbé e ni mo rántí pé n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan. Mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé, gbogbo ìgbà bí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo yí gúrúùpù náà sókè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń wò ó padà sẹ́yìn. Ìwé ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ wà níbẹ̀. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kan wà níbẹ̀. Èmi náà ti rí wọn nígbà tí wọ́n jáde, mo ti kọ "Amin" sábẹ́ wọn, n kò ronú nǹkan kan.

Mo ronú nípa ẹni tó bá ń lo oògùn HIV níbi iṣẹ́ wa. N kò mọ̀ bóyá ó wà, kò sì yẹ kí n mọ̀. Òfin kan wà láti ọdún 2014 tó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ HIV ya òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, tàbí kó fi dandan mú un ṣàyẹ̀wò kó tó gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lè fa ìka sẹ́kítírì sẹ́yìn lórí fóònù.

Ní ti yẹ̀yẹ́, kò tíì tán, ó ti rọlẹ̀ ni. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn, mo pè é sí kọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé gbígbé ẹrù bó ṣe ń gbé e yẹn, tó ń fi ikùn tì í, wà lára ohun tó lè fún un ní irú tèmi. Kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń rí i tó ń fọwọ́ kan abẹ́ ikùn ara rẹ̀ tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun.

Wọ́n ti ra kábínẹ́ẹ̀tì onírin kan báyìí fún ìwé àwọn òṣìṣẹ́, aláwọ̀ eérú, tuntun. Wọ́n ní inú rẹ̀ ni tèmi wà. Mo lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kọ́kọ́rọ́ gidi. Kọ́kọ́rọ́ náà ń fì dirodiro lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ sẹ́kítírì pé kí ló dé tó fi so ó síbẹ̀. Ó ní, "Kó má baà sọnù ni, Bàbá."